Bí Ilé Ìtọ́jú Arúgbó Ṣe Ń Mọ́ Àgbàlagbà Lára

Ilé ìtọ́jú arúgbó ni ibi tí àwọn àgbàlagbà tí kò lè dá gbé mọ́ ń gbé, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń bá wọn se oúnjẹ, tí wọ́n ń wẹ̀ wọ́n, tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ tó mọ́ ènìyàn lára kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Àìróorunsùn, ìbànújẹ́ àti kí oúnjẹ má wu ni í jẹ wọ́pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́. Ní 1992, NANDA, ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì kan ní Amẹ́ríkà, fi ìdààmú ìṣípòpadà yìí kún àwọn ìṣòro tí nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ máa kíyè sí.

Yàrá tuntun nìkan kọ́ ló ń dun àgbàlagbà. Ẹni tó ti ń pàṣẹ nínú ilé ara rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún wá rí i pé ẹnu òun kò tólẹ̀ mọ́, àní lórí ìgbà tí òun yóò wẹ̀. Ellen Langer àti Judith Rodin, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, dán ọ̀rọ̀ yìí wò ní ilé ìtọ́jú arúgbó Arden House, ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1976. Wọ́n sọ fún àwọn tó wà ní àjà kẹrin pé àwọn fúnra wọn ni yóò máa pinnu bí yàrá wọn yóò ṣe rí àti alẹ́ tí wọn yóò wo fíìmù. Wọ́n sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ mú òdòdó kan, kó máa bomi rin ín. Àwọn ti àjà kejì náà gba òdòdó, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin ín. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara àwọn ti àjà kẹrin yá gágá ju ti àwọn yòókù lọ. Nígbà tó fi máa di oṣù 18, ìdá 15 nínú 100 wọn ló ti kú; ti àjà kejì jẹ́ 30. Àwọn tí wọ́n fi ṣèwádìí náà kò pọ̀, nítorí náà kò yẹ ká gbára lé iye ikú yìí jù.

Ní 1991, dókítà Bill Thomas kó ajá, ológbò àti ẹyẹ wọ ilé ìtọ́jú Chase Memorial ní ìpínlẹ̀ New York, kí àwọn arúgbó lè ní ohun tí àwọn náà yóò máa tọ́jú. Ṣáájú ìgbà náà, òfin Amẹ́ríkà ti 1987 ti fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti lóhùn sí ìtọ́jú ara wọn, ó sì ká àwọn òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ kò láti so wọ́n mọ́ àga tàbí bẹ́ẹ̀dì láìnídìí.

Irú ilé yìí wà ní Yaba àti Mushin nílùú Èkó. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ṣì gbà pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, ìtìjú sì ń kún ìnira àwọn òbí tí ọmọ wọn mú lọ síbẹ̀. Ní Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ èdè tún ń dé sí i: àrùn ìgbàgbé lè gba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu arúgbó, kó sì ku Yorùbá nìkan. Bí kò bá sí òṣìṣẹ́ tó gbọ́ ọ, ìyá àgbà kò ní lè sọ bóyá ẹ̀kọ ló wu òun jẹ láàárọ̀ tàbí búrẹ́dì.