Àsíá Etíkun Kì í Ṣe Oyè Àjẹkú

Nígbàkígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti kan bí etíkun Àgbádárìgì yóò ṣe máa fa àlejò mọ́ra, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi ní kí ìjọba ṣáà bá wa gba àsíá aláwọ̀ aró tí wọ́n ń pè ní Blue Flag, àmì tí àjọ àgbáyé kan ń fún etíkun tí omi àti ìtọ́jú rẹ̀ bá dójú ìwọ̀n, pé bí wọ́n bá ti ta á sókè, omi ibẹ̀ ti mọ́ láéláé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ń bí mi nínú, nítorí pé ó lè kó ọmọ ọlọ́mọ sínú àìsàn.

Ilẹ̀ Faransé ni àsíá náà ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1985, Gúúsù Áfíríkà sì ni ó kọ́kọ́ gbà á lẹ́yìn ilẹ̀ Yúróòpù, ní 2001. Sáà ìlúwẹ̀ẹ́ kan ṣoṣo ni àjọ náà ń fi í fún etíkun tàbí èbúté ọkọ̀ ìgbafẹ́. Bí omi bá bàjẹ́ kí sáà tó parí, wọn a sọ ọ́ kalẹ̀.

Ojú gan-an ni ó ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bu omi ọ̀sà sínú ìgò níṣojú mi, ó gbé e sókè sí oòrùn, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó, ó mọ́ gaara.” Òótọ́ ni, ó mọ́ gaara. Ṣùgbọ́n E. coli, kòkòrò inú ìfun tí ó máa ń bá ìgbẹ́ ènìyàn àti ti ẹran wọ inú omi, kò ṣeé fojú rí. Òun wà lára ohun tí àwọn tó ń yẹ omi wò nítorí àsíá náà ń wá, kò sì gbọdọ̀ ju 250 lọ nínú mílílítà omi 100. Wọ́n ní láti tọ́jú omi náà síbi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ kan kí kòkòrò náà tó hù tí wọn yóò fi lè kà á. Nítorí náà, èsì tí ó bá jáde lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, omi ọjọ́ Ajé ni ó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Láàárín àyẹ̀wò kan sí èkejì, ó lè tó ọjọ́ 31, òjò kan ṣoṣo sì tó láti gbá ìdọ̀tí gọ́tà wọ inú ọ̀sà.

Èmi kò sọ pé àsíá kò wúlò. Ó ṣeé ṣe kí omi tí wọ́n ń yẹ̀ wò sàn ju èyí tí ẹnikẹ́ni kò bojú wò, bí àwọn tí ń yẹ̀ ẹ́ wò bá ń ṣe é déédéé. Ẹ̀yin òbí, ẹ máa béèrè ọjọ́ tí wọ́n bu omi náà gbẹ̀yìn, bí òjò ńlá bá sì ti rọ̀, ẹ má jẹ́ kí ọmọ wẹ̀ nítòsí ẹnu gọ́tà fún ọjọ́ kan tàbí méjì, pàápàá ọmọ tí ó ní egbò lára.