Bí Ìṣirò Kóńgò Sí Kílò Ṣe Dé Ìdí Kéèkì Lọ́dọ̀ Tiwa

Ẹ bi ẹni tó ń ṣe kéèkì ní Àkúrẹ́ pé báwo ló ṣe mọ̀ pé kọ́ọ̀pù fúláwà kan tó gíráàmù 120, á ní Google ló sọ fóun. Kò burú. Àmọ́ èmi ò gbà rárá pé òyìnbó ló kọ́ àwọn ìyá wa ní ìṣirò yìí, ìyẹn kéèyàn mọ bí ohun tó bù ṣe wúwo tó.

Ẹ wo àwọn tó ń ta gàrí, ẹ̀wà àti èlùbọ́ l'Ọ́jà Ọba. Àpò ni wọ́n ń rà, kóńgò ni wọ́n ń tà, ẹni tí ò bá sì mọ iye kóńgò tó máa jáde nínú àpò kan kó tó dá iye lé e, owó ẹ̀ ti wọgbó nìyẹn. Wọ́n mọ̀ pé kóńgò ẹ̀wà wúwo ju kóńgò gàrí lọ, wọn ò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ó ṣeé ṣe kó ti wà bẹ́ẹ̀ láti ayé tí igbá ló wà dípò kóńgò, torí igbá náà ní ńlá ó ní kékeré, ẹni tó ń ra lọ́wọ́ ẹnì kan kó lè tà fún ẹlòmíì á ti máa fi èyí ṣírò tọ̀hún. Èmi gbà bẹ́ẹ̀ gan-an. Àti èènì náà o! Ọlọ́jà á wọn kóńgò, á ṣe òkìtì lé e lórí, á tún bu èènì sí i, gbogbo ẹ̀ ló sì ti wà nínú ìṣirò ẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Kòkó ló wá parí ẹ̀. Nígbà tí kòkó gba ilẹ̀ Oǹdó, síkéèlì tẹ̀ lé e dé abúlé, àpò 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, nígbà tí ìjọba sì dá Bọ́ọ̀dù Kòkó sílẹ̀ lọ́dún 1947, ìwúwo ni wọ́n ń sanwó lé. Bàbá ń ta kòkó lórí síkéèlì, ìyá ń ta gàrí ní kóńgò, inú ilé kan náà ni. Ibẹ̀ ni mo gbà pé méjèèjì ti pàdé lọ́dọ̀ wa.

Àwọn kan á ní Fannie Farmer, ará Amẹ́ríkà tó kọ ìwé oúnjẹ sísè ní Boston lọ́dún 1896, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Obìnrin yẹn gbìyànjú, òun ló jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀bẹ gé orí kọ́ọ̀pù kó dọ́gba, àmọ́ ìyẹn ò sọ kọ́ọ̀pù di gíráàmù. Àwọn ará Èkó á tún dárúkọ Shackleford, ará Jàmáíkà tó bẹ̀rẹ̀ búrẹ́dì ní 1921, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa jẹ búrẹ́dì wọn.

Lẹ́yìn náà kílò gba ipò pọ́n-ùn, síkéèlì kékeré oníbátìrì dé, fóònù dé. Kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà kan: ṣúgà gíráàmù 200, bọ́tà gíráàmù 227, fúláwà gíráàmù 120, tẹ́ ẹ bá sì ti fúláwà mọ́lẹ̀ ó lè dé 150, kéèkì á le. Kọ́ọ̀pù Amẹ́ríkà ò ju mílílítà 237 lọ, ti Ọsirélíà jẹ́ 250, ẹ yẹ ibi tí ìlànà yín ti wá wò kẹ́ ẹ tó bu fúláwà.