Fóòmù kì í sọ gàárì tó há di èyí tó gba ẹṣin

Bí gàárì bá ń dá egbò sí ẹṣin lẹ́yìn, ohun tó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé kí a fi fóòmù tó nípọn sí i lábẹ́. Bí ti àkọ́kọ́ kò bá tó, wọn a tún tẹ́ òmíràn lé e. Èmi náà gba èyí gbọ́ fún ọdún mélòó kan, ẹṣin tí mo ń gùn ló sì jẹ ìyà rẹ̀. Ẹṣin pupa ni, àmọ́ lẹ́yìn èjìká rẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, irun funfun hù sí ojú ibi méjì tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ. Àwọn kan ní bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Rárá o. Ibi tí gàárì bá ń tẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ̀jẹ̀ kì í rìn dáadáa níbẹ̀, ohun tó ń fún irun ní àwọ̀ á bà jẹ́, irun tó bá sì hù lẹ́yìn náà, funfun ni.

Ẹ wo ẹni tí bàtà rẹ̀ há, tó wá lọ wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ṣé ara máa tu ẹsẹ̀ ọ̀hún ni? Inú ọ̀pọ̀ gàárì ni ohun kan wà tó dà bí egungun rẹ̀; igi ni wọ́n ń pè é, kódà bí wọ́n bá fi irin tàbí ike ṣe é. Iwájú igi yìí yà sí méjì, ó gun ẹ̀yìn ẹṣin lọ́tùn-ún lósì. Bí àárín apá méjì yẹn bá há, nǹkan rírọ̀ tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ kò lè mú kó fẹ̀. Àyè tí kò tó tẹ́lẹ̀ ni fóòmù tún ń jẹ. Gàárì á wá ga, á máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwa náà á sì fa okùn àyà, èyí tó so gàárì mọ́ ẹṣin lábẹ́, le sí i. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Mi ò sọ pé kí ẹ má tẹ́ nǹkan kan o. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fa òógùn dára. Bí gàárì bá sì fẹ̀ díẹ̀ ju ẹṣin tó rù lọ, fóòmù lè gbé e dúró títí ẹran ara yóò fi padà. Gàárì tó há ni kò gbóògùn fóòmù.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yẹ gàárì wò, ẹ kó gbogbo aṣọ kúrò, ẹ gbé e lé ẹ̀yìn lásán. Ẹ fi síwájú díẹ̀, kí ẹ tì í sẹ́yìn títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn egungun èjìká ló yẹ kó dúró sí, torí pé bí ẹṣin bá na ẹsẹ̀ iwájú, orí egungun yẹn máa ń sún sẹ́yìn. Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ tìmùtìmù tó wà lábẹ́ gàárì fúnra rẹ̀, kí ẹ fà á láti òkè wálẹ̀. Bí ìka yín bá há níbì kan, ibẹ̀ ló ń dun ẹṣin. Tó bá kan iwájú àti ẹ̀yìn, tí àárín ṣófo bí abẹ́ afárá, kò dára. Kí ẹlẹ́ṣin wá jókòó sí i: ìka méjì sí mẹ́ta gbọ́dọ̀ ṣì wọ àárín gàárì àti gegele tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn.

Ẹlẹ́ṣin náà ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ó yẹ kí nǹkan bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan ṣẹ́ kù lẹ́yìn ìdí rẹ̀. Àmọ́ ẹṣin sábà máa ń ní egungun ìhà 18 lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, gàárì kò sì gbọdọ̀ kọjá èyí tó gbẹ̀yìn. Bí gàárì tó gba ẹlẹ́ṣin bá gùn ju ẹ̀yìn ẹṣin lọ, lójú tèmi, ẹṣin mìíràn ló yẹ kó gùn.

Ẹṣin mi máa ń ká etí sẹ́yìn, á sì ju ẹnu sí mi bí mo bá ti fọwọ́ kan okùn àyà. Wọ́n ní ìkà ni. Lọ́jọ́ tí mo gbé gàárì tó fẹ̀ tó lé e, tí mo sì fa okùn, kò yí orí padà. Koríko rẹ̀ ló ń jẹ.