Ipa ìwà ipá inú ilé lórí títọ́ ọmọ àti àlàáfíà àwọn ọmọdé

Ìwà ipá inú ilé ni lílù, ìhàlẹ̀, èébú, ìfipábánilòpọ̀ tàbí fífi owó oúnjẹ du ẹni láàárín àwọn tí wọ́n jọ ń gbé, pàápàá láàárín ọkọ àti aya. Ní ọdún 2017, àjọ UNICEF ṣírò rẹ̀ pé ọ̀kan nínú ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 5 lágbàáyé, ìyẹn nǹkan bíi mílíọ̀nù 176, ni ìyá wọn ń jìyà lọ́wọ́ ọkọ tàbí olólùfẹ́ rẹ̀.

Ìpalára náà lè bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, nítorí pé aboyún tí wọ́n ń lù wà nínú ewu kí ó bímọ láìpé oṣù tàbí kí ọmọ rẹ̀ má wúwo tó. Lẹ́yìn ìbí, kò dìgbà tí ọmọ bá gbọ́ èdè kí ariwo ìjà tó dẹ́rù bà á. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Kétu, Ṣábẹ àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní orílẹ̀-èdè Benin, tí ìyá àti ọmọ ti jọ ń sùn nínú yàrá kan, kò sí ìjà tí ọmọ kò ní gbọ́. Ọmọ tí ó ti fi títọ̀ sórí ẹní sílẹ̀ lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀. Òmíràn á di aṣọ ìyá rẹ̀ mú gírígírí bí ó bá ti gbọ́ ìró alùpùpù bàbá lẹ́nu ọ̀nà. Òmíràn á máa lu ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn àgbà a máa pe èyí ní àkẹ́bàjẹ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni.

Ìyá tí kò rí oorun sùn, tí ọkàn rẹ̀ sì bàjẹ́, lè má ní agbára láti bá ọmọ ṣeré tàbí láti bá a sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn a máa pa ọmọ lẹ́nu mọ́, tàbí kí wọ́n nà án, kí ariwo rẹ̀ má baà bí bàbá nínú. Kò tọ́ kí a torí èyí sọ pé wọn kò mọ ọmọ tọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn a máa fi kún ìtọ́jú ọmọ láti dí àlàfo náà. Bàbá tí ó ń bú ìyá lójú ọmọ ń sọ ọ̀rọ̀ ìyá náà di aláìníyì, ó sì wọ́pọ̀ pé níbi tí wọ́n bá ti ń lu aya, wọ́n ń lu ọmọ pẹ̀lú.

Ẹbí lè dáàbò bo ọmọ: ìyá àgbà tàbí àǹtí kan tí ọmọ fọkàn tán máa ń dín ìpalára náà kù. Ṣùgbọ́n ẹbí kan náà ni ó sábà máa ń gba obìnrin níyànjú pé kí ó fara dà á nítorí àwọn ọmọ, nígbà tí ó jẹ́ pé gbígbé inú ìjà gan-an ni ó ń pa àwọn ọmọ náà lára.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, òfin 2011-26 ti ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2012 ka ìwà ipá sí obìnrin léèwọ̀, ti inú ilé pẹ̀lú; òfin 2015-08 ti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2015 sì ń dáàbò bo ọmọdé. A lè mú ẹjọ́ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá tàbí ọ́fíìsì ìjọba tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí ní àdúgbò.

Fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, ọ̀nà ìtọ́jú ọkàn kan tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, Alicia Lieberman àti Patricia Van Horn, gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ń gba ìyá àti ọmọ pa pọ̀. Ààbò àwọn méjèèjì ni oníṣègùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí sí kí ìtọ́jú náà tó bẹ̀rẹ̀.