Ta Ni Mínísítà ní Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ontario, Ta Ló sì Lè Yọ Ọ́?

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló ti di olùdìbò ní ìpínlẹ̀ Ontario, ní Kánádà, ṣùgbọ́n ojú tí wọ́n fi ń wo ìjọba nílé ni wọ́n fi ń wo ti ibẹ̀, ó sì ń rú wọn lójú.

Ìbéèrè: Ṣé bí a ti ń dìbò yan gómìnà ní Nàìjíríà ni wọ́n ṣe ń yan Pírẹ́míà, olórí ìjọba Ontario?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni olùdìbò ń yàn níbẹ̀, èyíinì ni aṣojú ẹkùn rẹ̀ ní ilé aṣòfin tó wà ní Queen's Park, Toronto, tí ìjókòó rẹ̀ jẹ́ 124. Aṣáájú tí púpọ̀ nínú àwọn aṣòfin bá wà lẹ́yìn rẹ̀ ni aṣojú Ọba, tí wọ́n ń pè ní Lieutenant Governor, máa ń ní kí ó wá dá ìjọba sílẹ̀. Doug Ford ló gba ipò náà ní oṣù Kẹfà ọdún 2018.

Ìbéèrè: Ṣé ilé aṣòfin ń yẹ àwọn mínísítà wò kí wọ́n tó wọlé?

Ìdáhùn: Kì í yẹ̀ wọ́n wò. Pírẹ́míà ló ń mú wọn, aṣojú Ọba a sì búra fún wọn. Ohun tó fa èyí ni pé inú ilé náà gan-an ni wọ́n ti ń mú wọn: mínísítà ètò ìlera ti wọlé ìbò ní ẹkùn rẹ̀ ná, kò sì ní fi ìjókòó náà sílẹ̀, ibẹ̀ ni yóò wà tí àwọn alátakò yóò ti máa da ìbéèrè bò ó lójúkojú. Tiwa yàtọ̀ pátápátá. Abala 192 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní kí gómìnà fi orúkọ kọmíṣọ́nnà ránṣẹ́ sí ilé aṣòfin fún ìfọwọ́sí, bí ó bá sì jẹ́ aṣòfin ni wọ́n yàn, ìjókòó rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn bí ó bá ti búra. Ní Ontario, bí Pírẹ́míà bá tilẹ̀ mú ẹni tí kì í ṣe aṣòfin, àṣà fẹ́ kí ẹni náà tètè wá ẹkùn tí yóò ti díje.

Ìbéèrè: Mélòó ni wọ́n?

Ìdáhùn: Òfin kò dá iye kan. Nígbà tí Ford kọ́kọ́ gba ìjọba, 21 ni òun àti àwọn mínísítà rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, wọ́n ti di 36, nítorí pé ó ti fi àwọn mínísítà kún un tí wọ́n kàn ń bójú tó apá kan nínú iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá. Èyí kò dùn mọ́ mi nínú. Ohun tí ìgbìmọ̀ àwọn mínísítà bá ti fẹnu kò sí ní kọ̀rọ̀, mínísítà kankan kò gbọdọ̀ ta kò ó ní gbangba. Ẹni tí kò bá lè gbà á ní láti fipò sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ tó ń ṣèjọba bá ní nǹkan bí 80 aṣòfin, tí 36 sì ti wà lábẹ́ àdéhùn yìí, mélòó ló kù tí yóò lè bi Pírẹ́míà ní ìbéèrè tó le?

Ìbéèrè: Ẹni tí wọ́n ń pè ní deputy minister ńkọ́?

Ìdáhùn: Kì í ṣe olóṣèlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, irú ẹni tí àwa ń pè ní akọ̀wé àgbà.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ gbogbo wọn lè kúrò láìsí ìbò gbogbogbòò?

Ìdáhùn: Wọ́n lè kúrò, bí ilé kò bá fọkàn tán wọn mọ́. Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà mọ èyí dáadáa. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1962, aṣòfin 66 nínú 124 fọwọ́ sí ìwé pé àwọn kò sí lẹ́yìn Pírẹ́míà Akíntọ́lá mọ́, Gómìnà Adésọjí Adérẹ̀mí, tí í ṣe Ọọ̀ni Ifẹ̀, sì yọ ọ́. Akíntọ́lá ta kò ó pé inú ilé nìkan ni a ti lè fi ìbò fi irú èyí hàn, ọ̀rọ̀ náà sì dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún Nàìjíríà nígbà náà, tó dájọ́ ní ọdún 1963 pé gómìnà kò ṣẹ̀ sí ìwé òfin. Inú ilé ni ti Ontario ti ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 1985, ẹgbẹ́ Frank Miller, Pírẹ́míà ìgbà náà, gba ìjókòó 52 nínú 125, ẹgbẹ́ Liberal gba 48, New Democratic Party gba 25. Ẹgbẹ́ méjèèjì tó kẹ́yìn yìí fohùn ṣọ̀kan, wọ́n sì fi ìbò bi ìjọba Miller ṣubú ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹfà. Ní ọjọ́ 26, David Peterson, aṣáájú ẹgbẹ́ Liberal, búra wọlé pẹ̀lú àwọn mínísítà tirẹ̀, kò sì sí olùdìbò kankan tó tún tẹ̀ka.