Ìbọn Olówó Pọ́ọ́kú, Ọta Rẹ̀ Ńkọ́?

Àbúrò kan tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, tó ti ń bá wọn ṣọdẹ níbẹ̀, rí ìbọn kan tó fẹ́ rà: Remington 700 àlòkù, tí ilé-iṣẹ́ Remington ní Amẹ́ríkà ṣe, tó ń yin ọta 8mm Remington Magnum. Ìbọn náà mọ́ tónítóní, ẹni tó ń tà á sì fẹ́ gba owó táṣẹ́rẹ́. Ó fẹ́ fi pa elk àti moose (ẹranko ńláńlá bí àgbọ̀nrín), bí Ọlọ́run bá sì ṣe é, kó gbé e lọ sí Tanzania lọ́jọ́ kan láti lọ pa ẹfọ̀n. Àwọn ìbéèrè tó fi ránṣẹ́ nìyí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ìbọn tó dáa tó báyìí fi dínwó tó bẹ́ẹ̀? Àbí ó lábùkù tí wọn ò sọ fún mi?

Ìbọn náà kò lábùkù. Ọta rẹ̀ ló ń dààmú ẹni tó fẹ́ tà á. Ọdún 1978 ni Remington gbé 8mm Magnum jáde, agbára rẹ̀ kò sì kéré rárá. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ti mọ ọta .30 (bí ọta ṣe fẹ̀ tó ní ìnṣì ni nọ́ńbà yìí, .323 sì ni ti 8mm) dunjú látìgbà tí .30-06 ti dé lọ́dún 1906, ẹni tó bá sì fẹ́ èyí tó lágbára jù ú lọ ti ní .338 Winchester Magnum láti 1958. Ni 8mm bá bọ́ sáàárín àwọn méjèèjì bí àlejò tó dé òde tí gbogbo àga ti kún. Kátíríìjì rẹ̀, ìyẹn idẹ tó gbé ẹ̀tù àti ọta dání, tún gùn, débi pé ìbọn tí ẹ̀rọ rẹ̀ gùn nìkan ló lè gbà á.

Bí àwọn tó rà á kò ṣe pọ̀, ilé-iṣẹ́ kì í ṣe ọta rẹ̀ déédéé. Bí ọta sì ṣe di ọ̀wọ́n, àwọn tó ní ìbọn ọ̀hún ń tà á dànù. Ó jọ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo bá pàdé. (Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ara kátíríìjì 8mm yìí kan náà ni Remington fẹ ẹnu rẹ̀ lọ́dún 1988 tó fi di .416 Remington Magnum. Àwọn tó ń pa ẹfọ̀n àti erin tẹ́wọ́ gba ọmọ ju ìyá lọ.)

Ìbéèrè: Ṣé ọta náà máa ń kú ni? Ṣebí ohun tó pa ẹran lọ́dún 1978 á ṣì pa á lónìí?

Á pa á, kò síyè méjì. Kì í ṣe inú igbó ni ọta ti ń kú, inú ọjà àti ọ́fíìsì ìjọba ni. Wo ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún 1898, Rigby, alágbẹ̀dẹ ìbọn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣe ọta .450 Nitro Express, àwọn ọdẹ erin sì fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Nígbà tó di nǹkan bíi 1907, ìjọba ní kò gbọdọ̀ wọ Íńdíà àti Sudan mọ́. Kí ló fà á? Ìbọn Martini-Henry tí àwọn sójà ń lò tẹ́lẹ̀ ló ń yin ọta tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà wọ́n pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ lè fi ọta ọdẹ jagun. Làwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn Lọ́ńdọ̀nù bá sáré ṣe .465, .470 àti .475. Nítorí náà, .470 tí wọ́n ń yìn títí dòní, ìwé òfin ló bí i.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ti Kynoch. Ilé-iṣẹ́ yìí, ní Birmingham, lọ̀pọ̀ àwọn ìbọn ńlá Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé fún ọta. Nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ìbọn olówó gọbọi di ohun tí wọ́n ń fi kọ́ ara ògiri. Winchester, ilé-iṣẹ́ ìbọn Amẹ́ríkà, ti dé ṣáájú lọ́dún 1956 pẹ̀lú .458 Winchester Magnum, tí ìbọn rẹ̀ kò wọ́nwó, òun ló sì gba ọjà.

Ṣùgbọ́n .458 náà ní ìṣòro tirẹ̀. Wọ́n gé kátíríìjì rẹ̀ kúrú kó lè wọ inú ẹ̀rọ ìbọn tó wọ́pọ̀, wọ́n wá ki ẹ̀tù mọ́ inú rẹ̀ pinpin. Bí ó bá pẹ́ nílẹ̀, ẹ̀tù náà lè dì, kò sì ní jó bó ṣe yẹ, ọta á wá jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wo ẹni tó dojú kọ ẹfọ̀n tí ìbọn rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀! Jack Lott, ará Amẹ́ríkà kan tí ẹfọ̀n ṣe léṣe ní Mozambique lọ́dún 1959, ló fi kún gígùn kátíríìjì náà, tó fi di .458 Lott. Bí o bá ní ìbọn Lott tí ọta Lott wá tán níbi tí o lọ, o lè yin .458 Winchester nínú rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ìbọn tó bá ní irú ọgbọ́n yẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá fà á tí àwọn ọta ńlá tún fi ń rẹ̀yìn báyìí? Òfin ni, àbí ilé-iṣẹ́?

Ọta fúnra rẹ̀, èyí tó ń fò lọ lu ẹran, ló yí padà. Láyé àtijọ́, òjé tí wọ́n fi bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ni, bó bá kan egungun, ó lè fọ́ yángá. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń wá èyí tó tóbi tó sì wúwo. Láti 1989 ni ilé-iṣẹ́ Barnes ti ń ta ọta tó jẹ́ bàbà látòkè délẹ̀, kì í fọ́, ó sì ń wọ ẹran lára jinlẹ̀. Ohun tí .338 ń ṣe nígbà yẹn, ọta tó kéré jù ú lọ lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Làwọn tuntun bíi 6.5 Creedmoor (2007) àti 7mm PRC (2022) bá dé, ọta wọn gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í tètè dá a dúró, ìbọn wọn kì í sì í ta èjìká bíi tàwọn ńlá. Ta ni kò fẹ́ bẹ́ẹ̀?

Nígbà tí ọta wọ́n lọ́jà lọ́dún 2020, àwọn ilé-iṣẹ́ gbájú mọ́ èyí tó ń tà jù. California náà ti fòfin de ọta òjé fún ọdẹ pátápátá láti 2019. Ta ló fẹ́ jókòó ṣe ọta aláìlójèé fún ìbọn tí àwọn tó ní in kò tó nǹkan?

Ìbéèrè: Tó bá jẹ́ owó yín ni, èwo lẹ máa rà?

.375 H&H Magnum, láìwo ẹ̀yìn. Ọdún 1912 ni ilé-iṣẹ́ ìbọn Gẹ̀ẹ́sì, Holland & Holland ṣe é, ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tó ń rí oúnjẹ jẹ. Gba kátíríìjì rẹ̀ kan sọ́wọ́. Wàá rí i pé ó ń tín-ín-rín lọ láti ìdí dé ọrùn, èjìká rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀, torí náà ó máa ń yọ̀ wọlé, ó sì ń jáde wẹ́rẹ́ nínú ìbọn tó ti gbóná. Èjìká gẹ̀rẹ̀ yẹn kò lè dá a dúró dáadáa nínú ìbọn, ni wọ́n ṣe fi bẹ́líìtì idẹ yí i ká nísàlẹ̀. Yí ìdí rẹ̀ sókè: wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ yí ojú kékeré tí abẹ́rẹ́ ìbọn ń gún ká. Bí o bá ń gbé ìbọn lọ sókè òkun, jẹ́ kí orúkọ yẹn bá èyí tó wà lára ìbọn àti nínú ìwé àṣẹ rẹ mu, kí aṣọ́bodè má baà dá ọ dúró.

Ọ̀pọ̀ ibi ní Áfíríkà ni òfin ti sọ pé .375 ló kéré jù fún ẹfọ̀n àti erin, Tanzania wà lára wọn. Bí ọkọ̀ òfuurufú bá sì sọ ẹrù rẹ nù, òun ni ọta ńlá tí o ti lè rí rà jù níbẹ̀. Ó ń tani o, bí ìlọ́po méjì .30-06, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi sùúrù kọ́ ọ á mọ̀ ọ́n yìn. .375 Ruger tí wọ́n ṣe lọ́dún 2007 kò ní bẹ́líìtì, ìbọn rẹ̀ kúrú, ó sì máa ń dínwó jù. Ní Alaska, ọ̀rẹ́ ọdẹ ni. Lókè òkun, mi ò fọkàn tán ọjà rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, mo ti fẹ́ràn 8mm náà. Ṣé ẹ ò ní bínú bí mo bá rà á?

Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Fún elk àti moose, ó tó, ó ṣẹ́kù. Àmọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ki ọta fúnra ẹni ná, ìyẹn kéèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ ki ẹ̀tù àti ọta sínú idẹ tí wọ́n ti yìn. Kó o tó sanwó, bi ẹni tó ń tà á bóyá ó ní idẹ òfìfo, ọta tí a kò tíì kì, àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kì í. Ẹni tó ti ń lo 8mm bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ á ti kó wọn jọ sílé. Bó bá lóun ò ní fi wọ́n kún un, tún dúnàá dúrà, torí owó tí o rò pé o jẹ lára ìbọn náà lo máa fi wá idẹ kiri. Ní ti ẹfọ̀n Tanzania, má bá a lọ síbẹ̀: .323 ni ọta rẹ̀, òfin wọn kò sì ní gbà á.