Setback: àyè tí odò ní lórí ilẹ̀ tí ẹ rà

Àgbàrá òjò ò lóun ò ní wólé, onílé ni ò ní gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ gba etí odò Sokori kọjá ní Abẹ́òkúta, ẹ ó rí i pé onílé ti gbà fún un tipẹ́. Fẹ́ǹsì ti wọnú odò, ṣaláńgá sì bẹ̀rẹ̀ sétí omi bí ẹni tó ń dẹ ẹja.

Àyè tí wọn ò fi sílẹ̀ yẹn ni àwọn tó ń fọwọ́ sí pílánì ilé ń pè ní setback. Òfin ní kí a fi í sílẹ̀ láàárín ilé wa àti ohun tó nílò àyè tirẹ̀: títì, wáyà iná ńlá, ilé aládùúgbò, odò. Ti títì yé gbogbo wa, torí katakata máa ń wá ṣàlàyé rẹ̀. Ti odò la kì í kà sí.

Ẹ̀ẹ̀rùn la sábà máa ń lọ wo ilẹ̀. Nígbà yẹn, odò á rí bíi gọ́tà, ọmọdé á fò ó kọjá. Àmọ́ gbogbo ibi tí omi ń tẹ́ dé nígbà òjò ńlá, ti odò ni. Ti Abẹ́òkúta tún wá le, torí orí àpáta la tẹ̀dó sí. Òjò tó bá rọ̀ sórí Olúmọ àti àwọn òkè ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ríbi rì sí, ìsàlẹ̀ ló ń sáré lọ. Ẹ wá fi òrùlé páànù àti kọnkéré kún un. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọjọ́ Ẹtì, 13 oṣù Keje, 2018, tí omi wọ́ ilé àti ọkọ̀ lọ, tí ẹ̀mí sì ṣòfò.

Odò Ògùn, odò ńlá tó gba Abẹ́òkúta kọjá, kì í kánjú ní tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń kún, pàápàá tí wọ́n bá tú omi dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, sílẹ̀.

Mo rí fẹ́ǹsì kan lẹ́yìn òjò kan báyìí. Ẹni tó mọ ọ́n ní kì í ṣe ilé, fẹ́ǹsì lásán ni, òun sì ti dá ihò mẹ́ta sí i nísàlẹ̀ kí omi máa gbà á kọjá. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ló kọ́kọ́ dé, ẹ̀ka igi tẹ̀lé e, fóòmù àtijọ́ kan wá dí ìyókù. Ni omi bá yí padà sílé ìyá alágbo kan tó wà lókè, ìyá tó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Ìlà ẹrẹ̀ tó wà lára ògiri ìyá náà ga dé ìbàdí mi. Ẹni tó pa òfin mọ́ ló fara gbá a.

Àyè yẹn ò sì ní ṣòfò o. Ẹ lè gbin ewédú tàbí àgbàdo síbẹ̀. Búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré ni kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìwé sọ́fè tàn yín jẹ. Ààlà ilẹ̀ ló ń sọ, kì í ṣe àṣẹ ìkọ́lé. Ọ́fíìsì tó ń fọwọ́ sí pílánì ló máa sọ iye mítà tó yẹ fún odò ibẹ̀. Tí ọmọ onílẹ̀ bá ní odò yẹn ti kú, ẹ wá ìyá àgbà tó ti pẹ́ ládùúgbò, kó fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí omi dé rí lára ògiri fún yín. Tó bá jẹ́ èmi ni, ibẹ̀ ni mo máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọn mítà.